Mo Lọ Kọ́ Ọ̀rọ̀ Ayé Létí Adágún, Baba Mi Wà ní Onitsha

Ẹ̀yin ará Ògbómọ̀ṣọ́ tí ẹ máa ń dá mi dúró lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì láti bi mí pé báwo ni ìlú òyìnbó ṣe rí, mo ti gbọ́ o. Ó ti rẹ̀ mí láti máa dá yín lóhùn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ jẹ́ kí n kọ ọ́ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ẹni tó bá ń wá ìtàn yìnyín, kó tètè mọ̀ pé kò pọ̀ níbẹ̀: yìnyín funfun, ó tutù, ó sì ń mú ẹsẹ̀ yọ̀. Ó parí. Baba mi ni ìyókù ọ̀rọ̀ yìí dá lé.

ONITSHA, KÍ N TÓ LỌ

Onitsha ni wọ́n bí mi sí. Baba mi, Jékọ́bù Àkàndé Oyèlékè, gbé aṣọ láti ìlú wa débẹ̀ nígbà tó ṣì jẹ́ ọ̀dọ́, ó gba ìsọ̀ lọ́jà ńlá etí odò, ó sì di ará ibẹ̀. Nínú ilé, Yorùbá là ń sọ. Tí a bá ti fẹsẹ̀ kan ìta, Igbo ni. Èmi ń kọ́ àwọn ọmọbìnrin ní ẹ̀kọ́ ìtàn ní ilé-ìwé girama kan níbẹ̀, mo sì máa ń kọ àròkọ sínú ìwé ìròyìn nípa àwọn ọmọ Áfíríkà tó ń ṣòwò nílẹ̀ onílẹ̀. Àròkọ wọ̀nyẹn ló mú kí ilé ìwádìí kan ní Geneva, nílẹ̀ Switzerland, pè mí. Fẹlóṣíìpù ni wọ́n ń pè é. Wọ́n á kó àwọn òṣìṣẹ́ láti oríṣiríṣi ilẹ̀ Áfíríkà jọ, àwọn tí iṣẹ́ wọn ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rinlẹ̀, wọ́n á fún wọn ní ọdún kan kí wọ́n fi kàwé, kí wọ́n sì ronú lórí bí orílẹ̀-èdè ṣe ń bá orílẹ̀-èdè gbé.

Lásìkò náà, ìlú ti gbóná. Wọ́n ti pa àwọn ọmọ Igbo ní Òkè Ọya, ọkọ̀ ojú irin ń kó àwọn tó kù wálé pẹ̀lú ọgbẹ́ lára. Ìjọba ìlà-oòrùn wá ní kí àwọn àlejò máa padà sílé wọn, kí ohunkóhun má baà ṣe wọ́n. Àwọn Yorùbá di ẹrù. Ẹ̀gbọ́n mi, Bọ̀ọ̀dá Gídíónì, kó ìyàwó àti àwọn ọmọ rẹ̀ lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́. Baba kò di nǹkan kan.

Mo ní, "Baba, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká máa lọ."

Ó ń ká aṣọ lọ́wọ́, kò gbójú sókè. "Ìyá yín ńkọ́? Ṣé òun náà á dìde bá wa lọ?"

Ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Onitsha la sin ìyá mi sí. Maazị Nwokoye, ọmọ ìlú Ogbunike nítòsí Onitsha, tó ń ta abọ́ tánganran ní ìsọ̀ tó kángun sí tiwa, wà níbẹ̀. Ó gbá àyà pé ẹni tó bá fẹ́ fọwọ́ kan Papa Jekọb, òun ni kó kọ́kọ́ fọwọ́ kàn. Ìyàwó rẹ̀, Mama Ejike, sì sọ fún mi pé kí n lọ ní tèmi, àwọn ò ní jẹ́ kí ebi pa á. Mo lọ. Baba sìn mí dé etí odò, ó ní, "Àbẹ̀kẹ́, tí o bá débẹ̀, bá mi kí wọn." Kò mọ ẹnì kankan níbẹ̀.

ÀWỌN TÍ KÌ Í BÉÈRÈ ILÉ

Òjò wínníwínní ló ń rọ̀ lọ́jọ́ tí mo dé Geneva. Mo dúró létí adágún ńlá tó wà láàárín ìlú, mo ń retí kí omi náà gbéra, torí èmi tí mo dàgbà létí Odò Ọya, omi tí kì í lọ síbì kan máa ń fu mí lára. Kò gbéra. Àwọn ẹyẹ omi funfun kan, àwọn tí ọrùn wọn gùn yẹn ni mò ń wí, jókòó lé e lórí bíi pé àwọn ni wọ́n ni ín. Mo fa kóòtù mi mọ́ra, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún láìnídìí.

Opó kan tó ń jẹ́ Màdáàmù Rochat ló gbà mí sínú yàrá kan nílé rẹ̀. Níbẹ̀ ni mo ti kọ́kọ́ ṣe ohun tí kò tọ́. Láràárọ̀ ni mo máa ń kúnlẹ̀ díẹ̀ kí i. Òun náà á kí mi. Òyìnbó rò pé ìkíni ti parí nìyẹn, èmi ò tíì bẹ̀rẹ̀. Ṣé ẹ jí dáadáa? Orúnkún tó ń dùn yín lánàá ńkọ́? Ọmọ yín tó wá kí yín, ṣé ó délé ire? Ẹran tí ẹ rà, ṣé ó jinná? Kò pẹ́ tí akọ̀wé ilé ìwádìí fi pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ń rẹ́rìn-ín, ojú ń tì í. Ó ní Màdáàmù Rochat wá béèrè lọ́wọ́ òun bóyá ìjọba kan ló rán mi láti máa ṣọ́ òun.

Láti ọjọ́ náà, mo máa ń kí i lẹ́ẹ̀kan, n óò sì pa ẹnu mi dé. Ẹnu ń yún mi bí ìgbà tí èèyàn jẹ iṣu ewùrà tútù. Ṣùgbọ́n n kò ní purọ́ mọ́ obìnrin náà. Nígbà tí ọ̀fìnkìn dá mi dùbúlẹ̀, ó gbé ọbẹ̀ gbígbóná sẹ́nu ilẹ̀kùn mi, ó kanlẹ̀kùn, ó sì sá lọ kí n tó ráyè dúpẹ́. Inú rere wọn pọ̀ tó tiwa. Ọpẹ́ ni wọn kò lè gbà.

Ti oúnjẹ ńkọ́? Wọ́n ní oúnjẹ kan tí wọ́n ń fi wàrà yíyọ́ ṣe nínú ìkòkò kan ṣoṣo, gbogbo ilé á yí i ká, kálukú á máa ti búrẹ́dì tó gún sórí irin bọ̀ ọ́. Inú mi dùn nígbà tí mo rí i. Mo ní àjùmọ̀jẹ rèé! Mo jókòó, mo ń dúró kí ẹni tó dàgbà jù kọ́kọ́ bọ̀ ọ́. Ọ̀gá ilé ìwádìí, bàbá arúgbó, ló dàgbà jù. Òun náà ń dúró dè mí, torí èmi ni àlejò. Èmi ń wò ó, òun ń wò mí. Wàrà náà dì, ó le bí àtẹ́lẹsẹ̀ bàtà, kí ìyàwó rẹ̀ tó já búrẹ́dì tó sì pariwo mọ́ àwa méjèèjì.

KÁÀDÌ ORÚKỌ

Láàárín àwa tí wọ́n pè, ọ̀kan wà tó ń jẹ́ Ugochukwu, ọmọ Nkwelle Ezunaka, ẹ̀yìn Onitsha níbẹ̀. Òṣìṣẹ́ kọ́sítọ́ọ̀mù ni. Ọjọ́ kìíní, kọfí dà sí i láṣọ, ó fi Igbo bú kọfí náà. Mo ní, "Ndo," ìyẹn ni pé pẹ̀lẹ́. Ó yí padà bí ẹni tí wọ́n gbá létí.

"Ọmọ ta ni ẹ́?"

"Ọmọ Papa Jekọb aláṣọ."

"Èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Nwokoye alábọ́? Chineke! Ibẹ̀ ni màmá mi ti ń ra ìró!"

Ó parí nìyẹn. "Nwanne m" ló ń pè mí láti ìgbà náà, ìyẹn ni pé ọmọ ìyá òun. A jọ ń se gààrí nínú ìkòkò tíì Màdáàmù Rochat, a jọ ń rojọ́ òtútù, a sì jọ ń fi àwọn yòókù ṣẹ̀fẹ̀ ní èdè tí wọn kò gbọ́.

Lẹ́yìn náà ni ogun bẹ́. Níbi tábìlì ìpàdé wa, káàdì orúkọ wa méjèèjì máa ń wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Lọ́sẹ̀ tí ogun bẹ̀rẹ̀, a wọlé, a rí i pé wọ́n ti gbé tirẹ̀ lọ sí òdìkejì tábìlì, wọ́n sì fi tèmi sápá ọ̀tún ọ̀gá. Bàbá yẹn rò pé ó bọ̀wọ̀ fún wa ni. Ugochukwu wo káàdì náà títí, ó mú un, ó gbé e padà wá sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó jókòó.

N kò ní parọ́ fún yín pé bẹ́ẹ̀ ló dùn títí lọ. Àwọn ọjọ́ kan wà tí a ò lè wo ojú ara wa. Lọ́jọ́ tí rédíò sọ pé wọ́n ti fọ́ afárá Odò Ọya, pé àwọn ṣọ́jà ìjọba àpapọ̀ ti gun ọkọ̀ ojú omi kọjá wọ Onitsha, pé ọjà ńlá ń jóná, ó bọ́ síta nínú òtútù láìwọ kóòtù. Nígbà tí mo tẹ̀ lé e, ó ní, "Biko, kì í ṣe òní." Mo padà wọlé. Èmi nìkan ni mo ń jẹ gààrí mi fún ìgbà díẹ̀.

A DÚPẸ́

Inú ìrònú yìí la wà nígbà tí màmá àgbàlagbà kan láti ẹgbẹ́ aláàánú kan wá bá wa jẹun ọ̀sán ní ilé ìwádìí. Ó kí wa yí tábìlì ká, ó ń béèrè ilé olúkúlùkù. Nígbà tó kàn mí, ó ní, "Ìwọ náà, mo gbọ́ pé Onitsha ni bàbá rẹ wà. Báwo ni wọ́n?"

Ẹ gbọ́, lẹ́yìn oṣù mélòó kan tí ẹnikẹ́ni kò béèrè ilé lọ́wọ́ mi, inú mi dùn débi pé n kò ronú. Mo tẹrí ba, mo ní, "Wọ́n wà dáadáa mà, a dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Àwọn ará ilé tiyín náà ńkọ́?"

Kí ni kí n tún sọ? Èwo nínú yín ni wọ́n máa béèrè baba rẹ̀, tí á dáhùn pé bóyá ó ti kú? Nídìí oúnjẹ? Ẹnu tiwa kì í sọ ibi sí ẹni tó wà láàyè. Màmá náà mi orí, ó rẹ́rìn-ín, ó kọjá sọ́dọ̀ Ugochukwu.

Ugochukwu gbé ṣíbí rẹ̀ sílẹ̀. Ó ní, "Màmá mi wà nínú ogun náà. N kò mọ̀ bóyá ó wà láàyè." Ọ̀rọ̀ náà ká mi lára. Mo rò ó lọ́kàn pé kí ló dé tí kò ní sùúrù kí a jẹun tán.

Nígbà tí a jáde, ó dì mí lápá mú. Bí inú bá ń bí i, Pidgin ló máa ń sọ. "Wetin you tell that mama so?"

"Ó béèrè Baba. Mo dá a lóhùn."

"You talk say Papa dey fine. When last you hear from am?"

Lẹ́tà láti ilé máa ń sọ pé Baba ń kí mi, ṣùgbọ́n Bọ̀ọ̀dá Gídíónì ló ń kọ ọ́ láti Ògbómọ̀ṣọ́, ọ̀nà sì ti dí láàárín òun àti Onitsha.

"That woman dey collect names," Ugochukwu ní. "People wey loss. Dem get fada wey dey enter with plane, e go find dem for camp. You don tell am say your own no loss."

OHUN TÍ ẸNU MI KÒ FẸ́ SỌ

Mo lọ bá màmá náà ní ọ́fíìsì rẹ̀. Ó rántí mi. Ó ní, "Ṣùgbọ́n o ní wọ́n wà dáadáa."

"Ẹ̀yin ni mò ń kí nígbà yẹn, mà."

Kò yé e, n kò sì dá a lẹ́bi. Ó mú kálámù, ó ń wò mí, ó ń dúró kí n sọ ohun tí mo bá wá. Mo sọ̀rọ̀ òjò. Mo sọ̀rọ̀ àwọn ẹyẹ adágún. Ó fi kálámù sílẹ̀, ó ní kí n mu tíì. Níkẹyìn Gẹ̀ẹ́sì ni mo fi sọ ọ́, bíi pé tí n kò bá fi Yorùbá sọ ọ́, kò ní dé etí Baba: mo ní n kò mọ̀ bóyá baba mi wà láàyè tàbí ó ti kú. Àárẹ̀ tó mú mi lẹ́yìn ọ̀rọ̀ yẹn, kò tíì tán lára mi títí dòní.

Ó béèrè orúkọ. Mo kó gbogbo rẹ̀ fún un, kí wọ́n má baà mú ẹlòmíràn: Jékọ́bù Àkàndé Oyèlékè, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, baba Àbẹ̀kẹ́. Ó ní kí ni kí wọ́n sọ fún Baba tí wọ́n bá rí wọn. Mo ní kí wọ́n sáà sọ pé mò ń béèrè wọn.

Ìgbà tó pẹ́, èsì dé. Wọ́n rí màmá Ugochukwu ní Nkwelle, ẹsẹ̀ rẹ̀ wú, ṣùgbọ́n ó wà láàyè. Ugochukwu jókòó sórí àtẹ̀gùn Màdáàmù Rochat, ó ń sunkún bí ọmọdé, Màdáàmù náà sì ń rìn kọjá lára rẹ̀ pẹ̀lú ẹsẹ̀ fífúyẹ́. Ti èmi kò gùn. Wọ́n ti pe orúkọ náà níbi tí àwọn tó sá kúrò ní Onitsha kóra jọ sí. Ẹnikẹ́ni kò dáhùn.

ILÉ

Mo ka iṣẹ́ ìwádìí mi níwájú wọn nígbà tí ọdún pé. Ó dá lórí àwọn àlejò tí ìjọba ń lé kúrò nílẹ̀ onílẹ̀. Wọ́n pàtẹ́wọ́, wọ́n ní mo mọ ọ̀rọ̀ náà dáadáa. N kò rántí ohun tí mo kà.

Ugochukwu lọ ṣiṣẹ́ fún àwọn ènìyàn rẹ̀. Nígbà tí a ń pínyà, ó ní, "Tí o bá dé Onitsha, má bi ṣọ́jà ní nǹkan kan. Wá Nwokoye lọ." Èmi wá sọ́dọ̀ yín níbí, mo ń kọ́ àwọn ọmọ yín, mo ń dúró kí ogun parí. Ẹ rántí pé àwọn mọ̀lẹ́bí fẹ́ ṣe ìsìn ìrántí fún Baba. Bọ̀ọ̀dá Gídíónì ti bá pásítọ̀ sọ ọ́. Èmi ni mo kọ̀. Ọ̀pọ̀ nínú yín bínú sí mi nígbà náà, ẹ ní ìwé ti dà mí lórí rú. Wọ́n pe baba mi, kò dáhùn; n kò lè gbà pé ikú nìyẹn.

Ogun parí. Mo dé Àsábà, mo bá wọn wọkọ̀ ojú omi kọjá, torí irin afárá ṣì wà nínú odò. Ẹ wá wò mí ní ìlú tí wọ́n ti bí mi, mo di àlejò. Obìnrin kan tó ń ta ẹ̀gẹ́ sísè létí odò gbọ́ ohùn mi, ó wo aṣọ mi tó mọ́, ó ní, "You be Yoruba? Una don come?" Mo fi Igbo kí i. Kò dáhùn, ó sáà gbé ẹ̀gẹ́ fún mi. Ìsọ̀ Baba ti di eérú àti koríko. Ṣọ́ọ̀ṣì wa kò ní òrùlé mọ́, ṣùgbọ́n ibojì ìyá mi wà bó ṣe wà. Mo kúnlẹ̀ kí i, mo sì gba Ogbunike lọ.

OGBUNIKE

Mama Ejike ń fọ́ èkùrọ́ lójúde nígbà tí mo dé. Ó ti gbẹ tán. Ó wò mí, ó ju òkúta ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀, ó ní, "Nnọọ, nwa m," ìyẹn ni pé káàbọ̀, ọmọ mi, ó sì gbá mi mọ́ra. Igbo ni gbogbo ohun tí a sọ lẹ́yìn náà. Kò jẹ́ kí n béèrè nǹkan kan. Ó sun iṣu, ó fi epo sí i, ó jókòó tì mí bí mo ṣe ń jẹ ẹ́. Nígbà tí mo rí bó ṣe ń dúró kí n jẹ tán, mo mọ̀. Mo ń jẹ iṣu náà, omijé ń bọ́ sínú epo.

Ẹ̀yìn ilé ni wọ́n sin wọ́n sí, Maazị Nwokoye àti Baba, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn bí ìsọ̀ wọn ṣe wà lọ́jà. Maazị ló kọ́kọ́ lọ. Ibà ló mú Baba lẹ́yìn rẹ̀, oògùn kò sì sí.

Mo ní, "Mama, mo rán wọn kí wọ́n wá a. Wọ́n ní wọ́n pè é, kò dáhùn."

"A wà níbẹ̀," ó ní. "Ọgbà ilé-ìwé ni, a tò fún iyọ̀. Lásìkò yẹn, ọkọ mi ti sọ fún gbogbo ayé pé ẹ̀gbọ́n òun ni Papa. Kò ní ilà lójú, ó ń sọ Igbo ju àwa lọ, ta ló máa mọ̀? Fadá òyìnbó kan wá, ó ń ka orúkọ. Ó ka orúkọ Papa. Gbogbo rẹ̀, títí kan tìrẹ. Àwọn ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí í wojú ara wọn, wọ́n ń wá Yorùbá tó wà láàárín wọn. Ogun ti pa ọmọ wọn, ìwọ náà mọ̀. Bí ẹnì kan bá pariwo pé sábò nìyí, ọ̀dàlẹ̀ nìyí, amí nìyí, wọ́n á pa á kí wọ́n tó béèrè. Ọkọ mi di ọwọ́ rẹ̀ mú, ó ní kó sorí kọ́."

Mo gbé iṣu sílẹ̀. "Èmi ni mo fẹ́rẹ̀ẹ́ pa á nígbà náà."

"Mechie ọnụ!" Ó gbá mi lẹ́sẹ̀. "Pa ẹnu ẹ dé. Fadá tún orúkọ náà pè, ó tún un pè. Papa sorí kọ́, èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n. Mo rò pé ẹ̀rù ló ń bà á. Mo tẹ̀ mọ́ ọn kí n wò ó. Ẹ̀rín ló ń rín, nwa m. Ẹ̀rín àti ẹkún. Gbogbo ìgbà tí fadá bá sì ti pe orúkọ náà, ó ń sọ nǹkan kan wúyẹ́wúyẹ́ ní èdè yín. Mo bi í léèrè nígbà tí a délé. Ó ní Àbẹ̀kẹ́ ń bọ̀, á sọ ọ́ fún mi."

Ó nu ẹnu rẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ gbàdúrà. Ó ní ojoojúmọ́ lòun ń sọ ọ́ nídìí iṣẹ́ òun kó má baà bọ́ lọ́wọ́ òun. Ó wá sọ ọ́, ahọ́n rẹ̀ ń wọ́ ọ díẹ̀díẹ̀: "Èmi rèé, ọmọ mi."

Ó ní, "Kí ni ìtumọ̀ rẹ̀?"

Igbo tí mo ti ń sọ láti kékeré, mo wá a tì fún ìgbà díẹ̀. Mama Ejike di ọwọ́ mi mú, ó ń dúró.

"Anọ m ebe a, nwa m," ni mo sọ fún un.

Ó mi orí. Ó ní bẹ́ẹ̀ lòun náà ṣe rò.